Aṣọ Mọ́kànlélógójì ní Odò Alákàn

Òtítọ́ ti ń ta Ọlábọ̀dé lẹ́nu láti ìgbà tí ọkọ̀ ti ṣí ní èbúté Ìgbọ́kọ̀dá, ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní ráyè sá fún un ló ń wá. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu Odò Alákàn, níbi tí àwọn igi ẹ̀gbà ti ti gbòǹgbò bọ inú ara wọn bí apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n hun, ó pa ẹ́ńjìnnì. Àwọn èrò mẹ́jọ tó wà nínú ọkọ̀ wo ojú ara wọn, lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ṣé epo ló tán ni, ṣé koríko ló wọ ẹ́ńjìnnì, kí ló dé tó jẹ́ pé ibí yìí gan-an ló ti máa kú? Ìyá Kingsley, tó gbé àpò gààrí lé itan, kò bá wọn bèèrè nǹkan kan. Orin ìṣẹ́gun ló gbé ní tirẹ̀, ó sì ti dé ẹsẹ̀ kejì kí Ọlábọ̀dé tó rí àyè sọ̀rọ̀.

"Ẹ fara balẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kò kú, èmi ni mo pa á. Mo ní ohun kan láti jẹ́wọ́. Ohun búburú ni, mi ò sì ní tan ẹ́ńjìnnì yìí títí màá fi sọ ọ́ tán."

"Ṣé kò sí ilẹ̀ ní Zion Pepe ni?" Ìyá Kingsley bèèrè.

"Lórí ilẹ̀, ẹ máa dìde lọ ni, màmá."

"Ọ̀rọ̀ wo ni kò lè dúró ká dé ulé, ọmọ mi?" Bàbá Olówòkéré ló sọ bẹ́ẹ̀. Òun ni àgbà ìjọ aláṣọ funfun ní Zion Pepe, òun náà ló kọ́ Ọlábọ̀dé ní ọkọ̀ wíwà, ó sì ti sún mọ́ ọgọ́rin ọdún.

"Ó ti dúró fún ọdún mọ́kànlá, bàbá. Ẹsẹ̀ ti ń dùn ún."

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n ti mọ Ọlábọ̀dé. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni, ó tóbi, ó lẹ́nu, kò sí ìrìn tí kì í pa èrò lẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ rẹ̀ tó ń ronú, kí wọ́n tó dé ibi tó ń lọ, á ti gbàgbé ohun tó ń rò. Ṣùgbọ́n lónìí, bó ṣe ń ṣe àwàdà náà, omi ló ń wò. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Irọ́ ti Ọlábọ̀dé kò tilẹ̀ tíì pé ogún ọdún, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ pátápátá.

Ẹnu odò tó dúró sí yìí, kò sí ẹni tó fẹ́ pẹ́ níbẹ̀. Láyé ìgbà kan, Odò Alákàn ni ọ̀nà àbùjá láti Ìgbọ́kọ̀dá wá sí Zion Pepe. Èèyàn á gba ibẹ̀, á délé kí yìnyín ara ẹja tó rà tó yọ́. Ṣùgbọ́n ó ti di ọdún mọ́kànlá tí ọkọ̀ kankan kò gba ibẹ̀ mọ́. Wọ́n ní Màmíwọtà jókòó síbẹ̀, wọ́n ní òun ló gba orí Kingsley nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ìlú ti ń yí ká gba ìhà Mólútẹ̀hìn, wákàtí kan gbáko, òjò ni, oòrùn ni. Kingsley fúnra rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ lónìí, ó jókòó sí àárín, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, aláyọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n ohun gbogbo tó bá fẹ́ rántí, àfi kó fi bírò kọ ọ́ sí apá. Lónìí, ohun tó wà lápá rẹ̀ ni: òwú, iyọ̀, bátìrì, oògùn màmá.

Ọlábọ̀dé nawọ́ sí ọmọdékùnrin tó jókòó sí iwájú ọkọ̀. Ọpẹ́fólúwa ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. "Nítorí ẹni yìí ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀," ó ní. "Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo gbọ́ òórùn igbó tí wọ́n ń fà lára ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀."

Ọpẹ́fólúwa fẹ́ bẹ́ sínú omi. Ọkọ̀ ni, kò síbi tó máa sá gbà.

Ọlábọ̀dé ní òun bá ọmọ náà wí lọ́jọ́ náà, òun sọ fún un pé igbó máa ń ba orí ọmọdé jẹ́. Ọmọ náà wo òun lójú, ó ní: "Bọ̀dá, ta ni igbó ti ba orí ẹ̀ jẹ́ rí ní Zion Pepe? Ẹ dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo. Bọ̀dá Kingsley nìkan lorí ẹ̀ ò pé dáadáa, omi ló sì ṣe ìyẹn." Òun fẹ́ fèsì, èsì wà lẹ́nu òun, ṣùgbọ́n èsì náà kò lè jáde kí irọ́ òun má bá a jáde. Òun dákẹ́ bí ẹni tí akàn gé ní ahọ́n, ọmọ náà sì rò pé òun ti borí.

"Ìyẹn ni mo ṣe bi yín léèrè lọ́jọ́sí, nọ́ọ̀sì," ó sọ fún obìnrin tó di àpótí abẹ́rẹ́ àjẹsára mọ́ra. Nọ́ọ̀sì Khalidat ni, tó máa ń ti Ìgbọ́kọ̀dá wá gún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ lábẹ́rẹ́.

"Ẹ ní ẹ ní ọ̀rẹ́ kan," Khalidat ní.

"Èmi ni ọ̀rẹ́ náà."

"Mo mọ̀. Kò sí ẹni tó ń làágùn báyẹn nítorí ọ̀rẹ́." Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó bẹ nọ́ọ̀sì kó tún ohun tó sọ lọ́jọ́ náà sọ, kí gbogbo wọn gbọ́, obìnrin náà sì ní: "Ọpọlọ èèyàn kì í parí lọ́jọ́ tí irùngbọ̀n bá hù. Wọ́n ṣì ń kàn án lọ ni, títí á fi tó nǹkan bí ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Bí ọkọ̀ tí wọ́n ń kàn létí omi ló rí, iwájú ẹ̀ ni wọ́n ń kàn kẹ́yìn, ibẹ̀ la sì fi ń ro ohun tó yẹ ká ṣe àti ohun tí kò yẹ. Ọmọdé tó bá ń fa igbó lemọ́lemọ́, ó ń gbé ọkọ̀ tí wọn ò tíì dí ojú pátákó ẹ̀ sómi. Á máa gbàgbé nǹkan, ọkàn ẹ̀ ò ní dúró sójú kan, ìwé ò ní wọ orí ẹ̀ mọ́. Ti àwọn kan tiẹ̀ máa ń dàrú, wọ́n á máa gbọ́ ohùn tí kò sí. Tó bá tètè fi í sílẹ̀, púpọ̀ nínú ẹ̀ lè padà. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló ń padà fún gbogbo èèyàn."

Ọlábọ̀dé mí kanlẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ ìjẹ́wọ́ rẹ̀ gan-an. Ó ní kí wọ́n rántí Kingsley nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá. Ta ni kò rántí? Ìkòríta omi mọ́kànlélógójì ló wà nínú Odò Alákàn, gbogbo wọn jọra, ọmọ náà sì mọ̀ wọ́n tán lórí. Á jókòó sí iwájú ọkọ̀, á dijú, á máa gbóòórùn ẹrẹ̀, á sì máa nawọ́: ọ̀tún, òsì, òsì, ọ̀tún. Àwọn obìnrin ò ní wọkọ̀ láì kọ́kọ́ bèèrè pé, "Ṣé Kingsley wà ńbẹ̀?" Bàbá Olówòkéré ti ń dàgbà, ó sì fẹ́ fi ẹ́ńjìnnì lé ọ̀kan lọ́wọ́ nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ọlábọ̀dé ló dàgbà jù, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú mọ ẹni tí bàbá máa mú.

"Mo jowú ẹ̀," Ọlábọ̀dé ní. "Èmi gẹ̀ǹdẹ̀, mò ń jowú ọmọ tí wọ́n ṣì ń pín ẹran fún. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìgbọ́kọ̀dá máa ń fún mi nígbó. Èmi ni mo kọ́kọ́ fi lé Kingsley lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni."

"Ugbó!" Ìyá Kingsley dìde, ọkọ̀ mì, gbogbo èrò sì fà á jókòó. "Ugbó lo fún ọmọ mi?"

"Ó kù, màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú tán, ó kù." Ó ní òun kò lè sọ pé ṣeréṣeré ni òun fi ṣe é. Òun ti fà á fúnra òun, òun sì mọ̀ pé ó máa ń jẹ́ kí òun gbàgbé ibi tí òun bọ́ bàtà sí. Òun ní kó ṣáà gbàgbé díẹ̀, ìkòríta méjì tàbí mẹ́ta, kí bàbá lè rí i pé òun náà wúlò. Ìkà ni òun, ó ní, ìkà tó ń rẹ́rìn-ín. Kí ọdún tó yí po, Kingsley ti ń rẹ́rìn-ín ohun tí kò pani lẹ́rìn-ín, ó ń sùn ní kíláàsì, tíṣà ní kì í kọ ohun tó wà lójú pátákó dé ìdajì mọ́. Ó ti ń fi ìkòríta kejìlá pe ogún.

Wọ́n rántí ọjọ́ Sátidé náà. Kingsley kó èrò mẹ́fà wọ Odò Alákàn ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ìyá rẹ̀ wà nínú wọn, oòrùn ti ń wọ̀ kí àwọn ará ìlú tó gbé ọkọ̀ wá a kàn. Inú ibì kan náà ló ti ń yí láti àárọ̀, ó ń sunkún. Ọlábọ̀dé wà nínú àwọn tó wá wọn lọ. Ó ní ẹ̀rù ba òun pé wọ́n máa tú àpò ọmọ náà wò, wọ́n á sì bi í pé ta ló fún un. Kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, òun ti pariwo: "Ẹ wò ó! Obìnrin kan wà lórí gbòǹgbò ẹ̀gbà, ó ń ya irun!"

"O ní irun náà gùn dé ìbàdí ẹ̀," Bàbá Olówòkéré rọra sọ.

"Mo fi ìyẹn kún un kó lè dùn ni, bàbá."

"Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí irun yẹn!"

Ẹ̀rín bú lọ́kọ̀, àgbà náà sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àmọ́ Ọlábọ̀dé kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní wọn ò tíì gbọ́ èyí tó burú jù. Wọ́n mú Kingsley lọ sí etíkun, wọ́n fá orí rẹ̀, wọ́n gbàdúrà fún un fún ọjọ́ méje. Ní ọjọ́ keje, ọmọ náà sún mọ́ òun, ó ní: "Bọ̀dá, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Ṣé kì í ṣe igbó yẹn ló ń ṣe orí mi báyìí? Tó bá jẹ́ òun ni, mo fẹ́ fi í sílẹ̀." Òótọ́ wà lẹ́nu ọmọ náà, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ rí ilẹ̀kùn. Òun Ọlábọ̀dé ló tì í mọ́ ọn. "Mo ní, 'Rárá o, omi ni. Èéfín igbó gan-an ni Màmíwọtà ń sá fún. Kó o má ṣe jẹ́ kó tán lọ́wọ́ ẹ.' Mo sì fún un sí i. Ọdún márùn-ún ló tún fi fà á lẹ́yìn ìyẹn. Èmi ni mo gba ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì tí mò ń wà yìí, tiẹ̀ ni."

Omi ń gbá ìdí ọkọ̀. Ìyá Kingsley gbé àpò gààrí kúrò lórí itan, ó mú abọ́ tí wọ́n fi ń gbọ́n omi inú ọkọ̀, ó bù ú kún, ó sì dà á lé Ọlábọ̀dé lórí. Ó tún bù ú. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó dúró, ó ń mí, ó ní, "Mo ti fi ẹja bọ́ ọ, Ọlábọ̀dé. Nínú ulé mi." Inú ń bí i, ó sì ń sunkún. Ọlábọ̀dé kúnlẹ̀ sínú omi ìdí ọkọ̀, ó dojú kọ Kingsley.

"Àbúrò mi, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ èèyàn nítorí irú èyí. Mo ń bẹ̀ ọ́."

Kingsley ti gbé àwọ̀n sílẹ̀. Ó wo ẹni tó kúnlẹ̀ náà pẹ́, ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. "Ó dùn mí, Bọ̀dá," ó ní. "Ohun tó dùn mí jù ni pé mo bi yín." Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín rẹ̀ rọra ń padà bọ̀. "Ṣùgbọ́n Màmíwọtà yẹn, ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti mọ̀ pé kò sí níbẹ̀."

"O mọ̀?"

Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọ ogún ọdún, ọ̀rọ̀ náà sú òun. Òun gbé ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, èyí tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà, òun wọ Odò Alákàn láti lọ bẹ obìnrin náà kó dá orí òun padà. Òun mú búrẹ́dì àti mílíìkì dání fún un. Òun jókòó fún ọjọ́ mẹ́ta, kò sí igbó lọ́wọ́, òun ń ké pè é: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, orí mi dà?" Obìnrin kò jáde. Ẹja àrọ̀ ló ń jáde, èyí tó tóbi bí itan. Ní ọjọ́ kẹta òun jẹ búrẹ́dì náà fúnra òun, òun sì rí i pé orí òun fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà ni òun kò ti fa igbó mọ́.

"Kí ló dé tó ò sọ fún wa pé kò sí nǹkan níbẹ̀?" Bàbá Olówòkéré bèèrè. "Ọdún mẹ́fà la tún fi yí ká gba ìhà Mólútẹ̀hìn!"

Kingsley fọwọ́ ra orí. "Bàbá, ìgèrè mi ló wà níbẹ̀. Ogún ìgèrè. Ẹja pọ̀ níbẹ̀ jù."

Ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé fún ẹ̀rín. Gbogbo ọjà ni wọ́n ti máa ń ṣe kàyéfì pé níbo ni ọmọ Ìyá Kingsley ti ń rí ẹja tó sanra bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ fi abọ́ náà nà án léjìká, ó ní kí òun náà kúnlẹ̀ ti Ọlábọ̀dé, nítorí ọ̀daràn méjì ló wà lọ́kọ̀. Kingsley kò kúnlẹ̀. Ó dìde, ó lọ sí ẹ̀yìn, ó na ọwọ́ sí ẹ́ńjìnnì. "Bọ̀dá, ẹ sún. Èmi ni màá gbé wa lọlé."

Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ wọ Odò Alákàn lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá. Igi ẹ̀gbà bo orí wọn, akàn ń sá kiri lórí ẹrẹ̀. Ní gbogbo ìkòríta tí wọ́n kọ́kọ́ dé, aṣọ funfun kan wà lára igi, ó so mọ́ apá ibi tí ọkọ̀ máa gbà. Kingsley á wòkè, á rí aṣọ, á yà. Ọpẹ́fólúwa yíjú sẹ́yìn. "Bọ̀dá Kingsley, ta ló so wọ́n?"

"Èmi ni. Sùtánà ṣọ́ọ̀ṣì mi àtijọ́ ni mo fà ya. Mọ́kànlélógójì ni wọ́n."

"Mo rò pé ẹ mọ ọ̀nà yìí."

"Mo mọ̀ ọ́n nígbà tí mo kéré sí ẹ," Kingsley dá a lóhùn. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, bí ẹni tó ń sọ pé òun ní èjí lẹ́nu rí.

Wọ́n dé ìkòríta kan, Kingsley wòkè, kò rí aṣọ. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó dín ẹ́ńjìnnì kù. Ibi tó ti gbà kọjá ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà láti ọdún mẹ́fà, ó wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀. Ó wo apá rẹ̀: òwú, iyọ̀, bátìrì, oògùn màmá. "Afẹ́fẹ́ ti gbé aṣọ lọ," ó rọra sọ. "Ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n rò ó." Kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́. Ọpẹ́fólúwa ń wo ojú rẹ̀, kò sì lè gbé ojú kúrò.

"Ọ̀tún ni," Ọlábọ̀dé ní. "Níbi tí ẹrẹ̀ bá ti ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, ọ̀tún ni. Ìwọ lo kọ́ mi, Kingsley. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni ẹ́ nígbà yẹn." Ó bú sẹ́kún gẹ́gẹ́ bí ọmọdé, ọkùnrin tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tó jí lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ ṣì wà ní orí tirẹ̀, odindi, kò sì sí bó ṣe lè dá a padà fún un.

Kingsley yà sí ọ̀tún. Ó na ọwọ́ kan, ó gbé e lé èjìká ẹni tó ń sunkún náà, kò gbé e kúrò. "Ẹ máa wá pẹ̀lú mi, nígbà náà," ó ní. "Ẹ̀yin ẹ máa rántí, èmi màá máa wakọ̀. Ọpẹ́, ya etí ṣẹ́ẹ̀tì ẹ, ká so ó síbí yìí kó má baà tún pòórá."

Ọmọ náà kọ́kọ́ ki ọwọ́ sí àpò ṣòkòtò, ó mú ìdì igbó kékeré kan jáde, ó nà án sí Nọ́ọ̀sì Khalidat láì wo ojú ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ló ya etí ṣẹ́ẹ̀tì, ó nà gàga, ó so ó mọ́ ẹ̀ka ní kókó méjì. Nígbà tó padà jókòó, ó ní, "Bọ̀dá, mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé aṣọ ni màá máa wò." Ìyá Kingsley gba orí rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn, ó dì í mú ṣinṣin, bí ẹni tó di ẹyin mú.

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Zion Pepe, Moríkẹ́, ìyàwó Ọlábọ̀dé, ṣì ń fọ ìkòkò létí omi. Ó wo oòrùn, ó wo ọkọ rẹ̀ tó tutù láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo Kingsley nídìí ẹ́ńjìnnì. "Ṣé ẹ ò lọ Ìgbọ́kọ̀dá mọ́ ni? Ta ló gbé yín dé kíákíá báyìí?"

Ọlábọ̀dé na ọwọ́ sí ẹ̀yìn ọkọ̀. "Ẹni tí ìlú máa ń bèèrè pé ṣé ó wà ńbẹ̀," ó ní. "Ó wà ńbẹ̀."